Rìbọ́ọ̀nù Pupa Lọ́wọ́ Kẹ̀kẹ́

Ọ̀gá Délé ló ń kọ́ wa ní ìṣọ́ra, àfi bí ẹni pé ìṣọ́ra ni ìyá rẹ̀ fi ṣe àgbo fún un mu ní kékeré. Hẹlikópítà tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ bá àwọn ọkọ̀ lójú òkun là ń tún ṣe ní Àpápá. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń kó wa jọ sí kíláàsì, a ó pa fóònù, yóò sì máa rò fún wa bí àárẹ̀, ìkánjú àti ṣe-ká-rí-mi ṣe ń pa èèyàn.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo ń wí yìí, mo pẹ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Monday, ẹni tó sábà máa ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ní ibùdókọ̀ Boundary, ni mo bá rí rìbọ́ọ̀nù pupa gbọọrọ kan tí ó so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo mọ rìbọ́ọ̀nù yẹn bí ẹní mowó.

Páìpù kékeré kan wà níwájú hẹlikópítà. Atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ló ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ bí eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí iṣẹ́ bá parí, a máa ń fi ìbòrí dé e kí agbọ́n má baà kọ́lé sínú rẹ̀, a ó sì ṣí i kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìbòrí ọ̀hún kéré, ó sì dúdú bíi páìpù náà gan-an. Rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n rán mọ́ ọn lojú fi ń rí i. Èmi ni mo dé e nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú, tòun ti rìbọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Monday, níbo lo ti rí èyí?"

"Àǹtí, ó fine, àbí? Ọkọ sístà mi, Ọ̀gá Délé, ló fún mi lálẹ́ àná. E say big men dey come inspect una, rope yẹn ti dọ̀tí jù, na im e cut am."

Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo pe Ọ̀gá Délé. Ó ti pa fóònù. Mo pe gbogbo nọ́ńbà ibi iṣẹ́ tí mo ní, pípa ni gbogbo wọn. Wọ́n ń kọ́ ìṣọ́ra.

"Monday, hẹlikópítà yẹn fẹ́ẹ̀ gbéra. Èèyàn máa kú o!"

Trélà ti dí ọ̀nà pa. Monday gba wọ́n-wèé, ó dojú kọ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀. A rú òfin ìjọba kí ìmọ́tótó Ọ̀gá Délé má baà pa èèyàn.

Nígbà tí a débẹ̀, èrò ti kún inú hẹlikópítà, abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ sì ti ń yí. Mo já rìbọ́ọ̀nù náà gbà, mo sáré wọ pápá, mo ń fì í níwájú awakọ̀ bí aṣiwèrè. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, mo sì na ìka sí ìbòrí náà. Ó ti yí ọkọ̀ ká wò láàárọ̀ o, ṣùgbọ́n kò rí pupa, ó gbà pé a ti ṣí i. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Èmi bú sẹ́kún.

Ọ̀gá Délé sáré jáde láti kíláàsì. Ó wo ìbòrí, ó wo rìbọ́ọ̀nù ọwọ́ mi, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ta ló ní kí o wọ pápá láìwọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán?"

Èmi gba kúẹ́rì. Òun gba àtẹ́wọ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò ńlá tó wá bẹ̀ wá wò, nítorí ẹnikẹ́ni kò kú lábẹ́ rẹ̀.

Ó ṣì ń kọ́ wa lọ́jọ́ Ajé. Iwájú pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, mo máa ń so rìbọ́ọ̀nù náà mọ́ ọrùn ọwọ́. Bó bá ti bi wá pé ta ló ní ìbéèrè, ọwọ́ yẹn ni mo máa ń nà sókè. Títí dòní, ojú rẹ̀ kò tíì rí i.