Ọmọ Inú Sinimá Ìfọ́n

Èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń rán mi létí kíláàsì kan ní Ìfọ́n, tí wọ́n fi ẹní dí fèrèsé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nítorí sinimá. Bàbá mi ti fi Yorùbá ka ìwé ìtàn apànìyàn tí wọ́n fi ṣe sinimá náà fún mi nílé, ní Ìlọ́bù. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé wá di ọ̀lẹ nínú sinimá. Ìbọn rẹ̀ ń dún bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. Nígbà tí apànìyàn gbá ọmọdébìnrin kan mú, Bàbá fọwọ́ bò mí lójú.

"Bàbá, ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ó bọ́ nínú ìwé. Àwọn onísinimá aláìmọ̀wé wọ̀nyí ló ba ìtàn jẹ́. Dìde, ká máa lọ."

Nígbà tí mo dàgbà tí mo ka ìwé náà fúnra mi, mo rí i pé ọmọ náà kú níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tèmi, ó máa ń bọ́, mo sì máa ń bú àwọn onísinimá.