Láfún fún Búùtù Bàbá Wolé-wolé

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Wolé-wolé ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín, wọn yóò sì bi yín bóyá ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ láfún. Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ló ṣẹlẹ̀. Bàbá Ezekiel Bọ́dúndé, wolé-wolé tó fẹ̀yìntì ní káńsù Emùré, kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ láti rí àwọn òbí Ẹ̀bùnolúwa, ọmọbìnrin tí Akínkúnmi ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ṣaya. Ìyá Ẹ̀bùn ti gún iyán, ó funfun, kò ní kókó kan. Bàbá bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fi run ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ni epo bá kán tó! sórí búùtù ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Bàbá dá òkèlè padà sínú àwo. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá láfún."

Ọmọ Èkìtì, tí iyán ń gbóná níwájú rẹ̀, ló ń bèèrè láfún! Ìyá Ẹ̀bùn tú gèlè orí, ó fi di ìdí. Bàbá Ẹ̀bùn, Tíṣà Stephen, dìde dúró.

"Àna wa, kí ni uyán wa ṣe fún yín? Bí ẹ ò bá fẹ́ ọmọ wa, ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi láfún bú wa nínú ulé wa."

"Ta ló fẹ́ jẹ láfún?" Bàbá ti bọ́ búùtù, ó ti gbé e ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹran. "Búùtù mi ló fẹ́ jẹ ẹ́!"

Kò sí láfún nínú ilé náà. Ilé obìnrin Ẹ̀gbá kan ní òpópónà kejì ni wọ́n ti lọ tọrọ rẹ̀. Bàbá bu ìyẹ̀fun náà lé ojú epo kó lè fà á mu, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ó sì jẹ iyán rẹ̀ tán pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán. Ẹ̀bùn, tó ti ń sunkún ní yàrá pé ìgbéyàwó òun ti fọ́, wá rín ẹ̀rín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi wo àmù àti ṣáláńgá àwọn ará Emùré. Nígbà tí ìjọba ní kó lọ sinmi, ó fi àmù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ó máa ń dúró sí, láfún díẹ̀ nínú ọ̀rá lápò kóòtù rẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kó aṣáárà kiri. Ẹrẹ̀? Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n nù. Òjò? Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ fi àdín díẹ̀ pa á. Epo? Láfún ni, lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọgbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ o. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ nu bàtà àlùfáà lẹ́ẹ̀kan, ojú ibẹ̀ sì bó bí ẹni tí làpálàpá mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àlùfáà fi wàásù tí kò jáde lẹ́yìn àga ìwàásù.

Bí òjò bá rọ̀, Bàbá a bọ́ búùtù, a gbá a mọ́ àyà lórí ọkadà, ẹsẹ̀ lásán.

"Bàbá, òtútù á mú yín lẹ́sẹ̀," ni ọlọ́kadà wí.

"Ẹsẹ̀ á gbẹ. Awọ kì í gbàgbé."

Bí tọkọtaya bá sì ń jà ládùúgbò, òògùn kan náà ló ní fún wọn: "Ẹ tètè da láfún sí i. Bó bá sùn mọ́jú, ó ti wọ awọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí Ẹ̀bùn, tó ti di aya Akínkúnmi, lè rín ẹ̀rín Bàbá dé òpin mọ́. Tíṣà ni òun náà, ní Ìsẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Bàbá gbé iṣu wá fún un ní ilé-ìwé, ó sì bá wọn nínú ìpàdé àwọn òbí. Purinsípà ń sọ̀rọ̀ lọ lórí pèpéle. Bàbá rí epo àkàrà lórí bàtà purinsípà. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó rọra rákò gba abẹ́ tábìlì, ó di ọrùn ẹsẹ̀ purinsípà mú kó lè da láfún sí i. Purinsípà ṣe bí ejò ni, ó kígbe "Jésù!", ó fò sórí àga. Àwọn òbí rín, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀bùn fa Bàbá lọ sẹ́yìn kíláàsì. Ojú ń tì í gan-an.

"Bàbá, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sí ilé-ìwé yìí mọ́."

Bàbá gbọn láfún ọwọ́ rẹ̀ nù. "Mo gbọ́, ìyàwó mi. Uṣu wà lábẹ́ igi, lọ gbé e."

Ọkadà Bàbá kò tíì kọjá géètì tí àbámọ̀ fi bá Ẹ̀bùn. Ó ní òun á lọ bẹ̀ ẹ́ ní Sátidé. Ní Sátidé, ìpàdé ẹgbẹ́ wà. Sátidé kejì, ó ń máàkì ìwé. Ó wá ní bí ọlidé bá dé, òun á lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọlidé nígbà tí Bàbá jẹun àárọ̀ tán, tó fẹ̀yìn ti àga, tí kò sì jí mọ́. Láti Ìsẹ̀ sí Emùré, ọkadà kan ṣoṣo ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí méjèèjì jókòó sí pálọ̀ ní Emùré, iyán wà níwájú wọn. Màmá Akínkúnmi gbé búùtù náà jáde kí wọ́n wò ó. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, kódà ti epo ọjọ́ Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀bùn kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, mo ṣẹ Bàbá, mi ò sì bẹ̀ wọ́n."

"Ọ̀rọ̀ ulé-uwé?" Màmá wò ó. "Ọjọ́ náà gan-an ló sọ ọ́ fún mi. Bó ṣe ń fò bíi purinsípà ló ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé kò dùn ún ni. Ó ní ó dùn òun o, ṣùgbọ́n kí ọkadà tó dé Emùré, òun ti da láfún sí i."

Ẹ̀bùn sunkún. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ti dárí jì í, ó sì tún dùn ún, nítorí láfún tirẹ̀ ló kù tí kò rí ibi dà á sí. Màmá ní kó jẹun. Ó bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, epo sì kán sórí bàtà dúdú tó wọ̀ sin Bàbá. Ẹnìkan na tíṣù sí i. Kò gbà á. Ó dá òkèlè padà sínú àwo.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ bá mi wá láfún."

Tíṣà Stephen dìde dúró bíi ti ọjọ́ kìíní. Ìyá Ẹ̀bùn bú sẹ́rìn-ín, gbogbo pálọ̀ bá a rín in, títí ẹ̀rín fi di omijé lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò rín. Ó lọ síbi kóòtù Bàbá tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó mú ọ̀rá náà jáde.

"Ó ṣì ku díẹ̀," ló wí.

"Á tó," ni Ẹ̀bùn dáhùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù Bàbá, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí i.