Ọjọ́ Tí Orúnkún Mi Kò Gbọ́ Tèmi Mọ́

Mo ń kírun Àsùbáà nínú yàrá mi ní àdúgbò Basin. Mo forí kanlẹ̀, mo fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Kò dùn mí rárá, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Mo pe ọmọ mi, Ràmátù.

"Ìyá, ẹ ò tíì kírun tán ni?"

"Wá gbé mi," ni mo wí, omijé sì bọ́ lójú mi.

Òun àti oníkẹ̀kẹ́ kan ló gbé mi dé ọsibítù. Lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: ṣé màá tún fẹsẹ̀ ara mi dúró kírun láyé mi?

"Ìyá, kí lẹ ti lò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?" ni dókítà bi mí.

Aáwẹ̀ ló ń bọ̀. Nílé wa, a máa ń mu àgbo láti fọ inú sílẹ̀ dè é. Ife kan ló ń tó àwọn yòókù. Tèmi di tàárọ̀ tirọ̀lẹ́, mo sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé potasíọ̀mù mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Irú iyọ̀ kan ni, ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà; ìgbẹ́ gbuuru ló gbé e jáde lára mi. Dókítà ní sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara wa, ní awọ fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n. Ohun kan wà lára awọ náà tó ń fa potasíọ̀mù wọlé, tó sì ń ti sodíọ̀mù, ti inú iyọ̀ ọbẹ̀, jáde. Bí omi tí a fà sínú táńkì orí ilé ṣe ń dúró de ẹni tó máa ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú àti ìta sẹ́ẹ̀lì ṣe jẹ́ agbára. Òun ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́, òun ni ọkàn fi ń lù. Tèmi ti dàrú, ẹsẹ̀ kò gbọ́ ìpè mọ́.

Wọ́n ń kán potasíọ̀mù sí mi lára díẹ̀díẹ̀, torí bó bá yára, ó lè dá ọkàn dúró. Ó ta mí lápá bí ata. Nọ́ọ̀sì dín in kù, ó rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mira, Ràmátù sì kígbe Àlùhámúdùlílàhì.

Bí ẹsẹ̀ yín bá kọ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi àdí wọ́ ọ nílé. Ẹ tètè lọ ọsibítù.

Inú tí mo fọ torí aáwẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè gbààwẹ̀. Mò ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan, Ràmátù ń kí mi pé, "Ìyá, ẹ kú ìṣínu o!"

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sáré dìde nínú ìforíkanlẹ̀ bí ẹni tó níbi í lọ. Ní báyìí, mo máa ń pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo ń dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, màá sọ fún orúnkún pé ó yá. Ó ń gbọ́.