Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lára Pẹ́dà Ọkọ Mi

Ẹ má wò mí bí ẹni tó ń pàlọ́. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀sán gangan ni, inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbó-Elérin sì ni. Mi ò mu nǹkan kan, ibà kò sì ṣe mí. Ẹ ṣáà gbọ́ mi tán ná.

Iṣẹ́ èékánná ni mò ń ṣe, mò ń lẹ̀ ẹ́, mò ń kùn ún. Ọkọ mi, Káyọ̀dé, ń ta gítá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì kan, àwọn tó máa ń kọrin bí ẹni tó ń bá lánlọ́ọ̀dù jà. Yàrá kan là ń gbé ní Iba, ẹrù orin ló sì gba ìdajì rẹ̀: gítá, áńpù tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, àti àwọn pẹ́dà, ìyẹn àpótí irin kéékèèké tó máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gítá lè yí padà.

Òjòwú ni mí, mi ò ní fi bò. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tèmi, bóyá ni eegun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń nu gítá láràárọ̀ tí kò bi í bóyá ó ti jẹun, kí ló fẹ́ ṣe?

Lọ́dún tó kọjá ló ra béèsì dúdú kan, áńpù kan àti pẹ́dà mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ tòkunbọ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Okokomaiko. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti gbé béèsì náà, á dijú, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Irú ẹ̀rín yẹn, ìgbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà ni mo rí i gbẹ̀yìn.

Mò ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan ni mo rí i: àwọn àmì kútẹ́ẹ̀sì pupa, tó bí orí ìṣáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì tí wọ́n ń yí lára àwọn pẹ́dà náà. Mẹ́sàn-án ni mo kà. Pupa yẹn kò sí lórí tábìlì mi. Obìnrin wo ló ń kun kútẹ́ẹ̀sì sára nǹkan ọkọ mi?

“Bí mo ṣe rà á nìyẹn,” Káyọ̀dé ní. “Ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ló fi sàmì ibi tó ń yí bọ́tìnì dé. Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án.”

“Obìnrin ni, àbí?”

Ó gbé béèsì rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ wọn lọ ṣeré kiri ní Ìbàdàn títí dé Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ wọn kéré, béèsì rẹ̀ àtijọ́ nìkan ló gbé, ó sì fi àwọn tòkunbọ̀ náà sílẹ̀. Nítorí pé òrùlé wa ń jò, ó ní kí n kó wọn sí ṣọ́ọ̀bù. Láràárọ̀ ló ń pè mí: “Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n?” Kò bèèrè èmi rí.

Ọjọ́ kẹta, òjò lé gbogbo oníbàárà sílé. Èmi àti àwọn pẹ́dà náà nìkan ló kù. Mo ki òwú bọ asitóònù, mo nu àmì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kúrò pátápátá. Mo tún yí gbogbo bọ́tìnì náà sódì. Mo ní, “Ó parí. Lọ wá ọkọ tìẹ.”

Ẹ gbà mí gbọ́, wáyà áńpù yẹn wà nílẹ̀, mi ò kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sì sí iná láti àárọ̀. Áńpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Inú ikùn mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àwọn ìgò kútẹ́ẹ̀sì mi ń gbọ̀n lórí tábìlì.

Ohùn obìnrin kan jáde níbẹ̀, jẹ́jẹ́.

“Jókòó. Gbé ọwọ́ wá.”

Ohun témi fúnra mi ń sọ fún oníbàárà nìyẹn! Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ohun tó wí ni mo ṣe. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo gbé ọwọ́ mi sórí tábìlì. Ohun tí mo rántí ni pé nǹkan tútù kan di ìka mi mú, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo padà wá sí ara mi, òjò ti dá. Èékánná mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pupa, pupa yẹn gan-an. Ẹni tó bá kun tara rẹ̀, ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń wọ́ díẹ̀. Tèmi kò wọ́ rárá. Mo wo àwọn pẹ́dà: bọ́tìnì ti padà sípò, àmì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wà níbẹ̀, wọn ò tíì gbẹ. Odindi ìgò asitóònù ni mo fi fọ ọwọ́ mi. Kò ṣí.

Káyọ̀dé dé lọ́jọ́ Sunday. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wo èékánná mi títí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mo mọ ojú yẹn: ojú òjòwú tí mo máa ń rí nínú dígí mi ni.

“Ó wá bá ẹ?” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Láti ọdún tó kọjá tí mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú béèsì yẹn ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Kò fọwọ́ kàn mí rí.”

Títí di òní, mo ń gé èékánná mi, pupa ló ń hù bọ̀. Bí ọkọ mi bá rò pé mo ti sùn, á rọra di ìka mi mú. Ó dùn mí dé ọkàn, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ tèmi ló ń dì mú.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí àmì lára tòkunbọ̀ ọkọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ò mọ ẹni tó ni ín.