Ìwé Ìròyìn Ọjọ́rú Láti Ireland

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo ń gé ẹ̀fọ́ nínú ilé ìdáná nígbà tí ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn wa dún gbàà, tí nǹkan kan sì já bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Aliyah, ọmọ ọmọ mi tó wá kí mi láti Catford, ń jáde bọ̀ láti pálọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ó ní, "Grandma, ìwé káńsù lásán ni," ó sì lọ mu omi. Mo nu ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo he é. Òórùn yíǹkì tuntun kọlù mí nímú, ó sì gbé mi padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan nítòsí Rye Lane, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ní Peckham yìí kan náà.

Ilé náà ga, ó sì tín-ín-rín bí ẹni tí kò jẹun kánú. Àwa ń gbé yàrá méjì lókè pátápátá, Mísítà Farrell, ọkùnrin ará Ireland tó fi ìgbà èwe rẹ̀ gbẹ́ títì ìlú London, sì ń gbé nísàlẹ̀. Mummy kì í pe orúkọ mọ́ ọn lórí nítorí pé ó dàgbà jù wọ́n lọ. Bàbá Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò mọ̀ pé oyè ńlá ni èyí láàrin wa, àmọ́ ó ń jẹ́ ẹ bí ẹni tó mọ̀.

Ní gbogbo Ọjọ́rú ni ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀ máa ń dé. Nora, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un nínú ilé bàbá rẹ̀, ló ń fi í ránṣẹ́. Á ká a bí ẹní, á fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ wé e, á kọ àdírẹ́sì sára bébà ìta yẹn, á sì lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn kí Mísítà Farrell lè sọ ìtàn ìrìn àjò ìwé náà fún mi. Ó ní ẹṣin ni bàbá bàbá òun ń darí, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó lẹ́tà láti ìlú dé ìlú nínú òjò àti ẹrẹ̀, wọn a sì pààrọ̀ ẹṣin lójú ọ̀nà bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Bàbá rẹ̀ wá ń gbé àpò lẹ́tà sórí bàìsíkù láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà àwọn àgbẹ̀. Ó ní ìwé ìròyìn yìí ti wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ti sùn nínú ọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ Wales, ó sì tún wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn dé Euston ní London, kò sì bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni yóò ka iye tí wọ́n ń ta màlúù fún mi. Èmi tí n kò rí màlúù rí àfi lára ìgò mílíìkì, mo wá mọ iye màlúù ní ìlú tí n kò lè nawọ́ sí nínú máàpù.

Ní ọdún kan, orúnkún Mísítà Farrell dùn ún gan-an, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mummy ní kí n máa bá a mú ìwé rẹ̀ nílẹ̀ bí mo bá ti ilé ìwé dé. Nílé tiwa, a kì í fún àgbà ní nǹkan pẹ̀lú ìdọ̀tí ara rẹ̀. A máa ń bó ọsàn kí a tó gbé e fún Daddy, a sì máa ń nu ìdí ife kí a tó gbé e síwájú àlejò. Bébà ìta yẹn rèé, eruku ọkọ̀ àti ìka gbogbo ayé wà lára rẹ̀. Nítorí náà mo máa ń ya á kúrò, màá tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí àtẹ̀gùn, màá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi nà. Ọjọ́ kan wà tí mo tilẹ̀ lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù, Mummy sì yìn mí. Màá wá kúnlẹ̀, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Á yí i padà, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, á sì wo ọwọ́ mi, kó tó dúpẹ́. Mo rò pé bí ìwé náà ṣe mọ́ ló ń yà á lẹ́nu.

Ní Ọjọ́rú kẹrin, kò ṣí i rárá. Ó sọ fún Mummy lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ pé òun máa ní kí wọ́n má fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ mọ́, nítorí ó jọ pé ṣọ́ọ̀bù ìlú ló ń fi í ránṣẹ́ báyìí, Nora ti yọwọ́. Ó ní òun kò lọ sílé nígbà tí wọ́n sin ìyá àwọn, Nora sì bínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú bébà ìta ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

Mummy bi í pé báwo.

Ó ní láyé àwọn bàbá àwọn, ọ̀wọ́n ni lẹ́tà, àmọ́ owó díẹ̀ ni ìwé ìròyìn fi ń rìn. Bí akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ bá rí ọ̀rọ̀ tí a fi ọwọ́ kọ sínú rẹ̀, á gba owó lẹ́tà. Ni àwọn èèyàn bá ń fi pẹ́ńsù kọ gbólóhùn méjì mẹ́ta sínú bébà tí wọ́n fi wé e, níbi tí ojú akọ̀wé kò dé. Lẹ́tà kò wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n Nora kò yí padà. Ó máa ń sọ pé bí òun bá jókòó ti lẹ́tà gidi, àfi bí ẹni tó fẹ́ rojọ́ ní kóòtù.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé," ni Mísítà Farrell wí. "Kò tilẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ wé e mọ́."

Ẹ̀yìn Mummy ni mo wà. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé gbogbo ọjọ́ Sunday la máa ń rìn lọ sí Nunhead, níbi tí Àlùfáà kan ti ń kọ́ wa ní kéwú nínú pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í jẹ́ kí bébà tí wọ́n kọ nǹkan sí wà nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́, torí ta ló mọ orúkọ tó wà níbẹ̀? Nítorí náà n kò lè da àwọn bébà ìta yẹn nù, torí àdírẹ́sì ara wọn; n kò wo inú wọn rí. Inú agolo bisikíìtì lábẹ́ ibùsùn mi ni mo ń kó wọn sí, pẹ̀lú bébà súìtì, nítorí Àlùfáà kò sọ pé ti súìtì yàtọ̀.

Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, mo sì mọ bí ọwọ́ Mummy ṣe ń dunni tó. Ṣùgbọ́n ojú Mísítà Farrell kò ṣeé wò. Mo gun òkè, mo gbé agolo náà wá, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni. Mo fẹ́ kó mọ́ kí n tó fún yín ni."

Bébà mẹ́rin. Ó tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò àti màlúù tó bímọ. Èkejì ní dókítà rí nǹkan nínú òun, wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun. Ẹ̀kẹta ń bi í bóyá ó tún ti bínú. Ẹ̀kẹrin ló kà sókè: "Mò ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Ọjọ́bọ̀. Bí n kò bá rí ọ ní Euston láàárọ̀ Jímọ̀, màá padà sílé, n kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

Mummy wò mí. Wọn kò nà mí. Wọ́n ní ẹni tó ya bébà ni yóò lọ tọrọ àforíjì.

Daddy pààrọ̀ shift wọn níbi iṣẹ́ kí wọ́n lè mú wa lọ. Láàárọ̀ Jímọ̀, èmi, Daddy àti Mísítà Farrell wọ bọ́ọ̀sì, òun pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì wọ táì. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ ká yára. Nígbà tí a dé Euston, wọ́n ti ń já àpò lẹ́tà sílẹ̀, àwọn èrò sì ti ń tán lọ. Obìnrin kúkúrú kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wo ojú gbogbo èèyàn, ó sì kọ ẹ̀yìn, ó dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mísítà Farrell dá a mọ̀. Ó kàn nàka sí i.

Mo sáré. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ Euston, àwọn èèyàn ń yà fún wa. Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Èmi ni mo ń ya bébà yín." Ó wò mí bí ẹni tó rí àlá. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó rí ẹni tó ń fi ọ̀pá bọ̀ lẹ́yìn mi.

"O mà ti hewú," ni Nora wí.

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Nora di apá rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé inú bọ́ọ̀sì.

Ó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà nígbà tó padà sílé, Ọlọ́run sì fún un ní àlàáfíà, alhamdulillahi. Ìwé ìròyìn Ọjọ́rú ń bọ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i. Bó bá ṣe dọ̀tí tó náà ni mo ń gbé e fún Mísítà Farrell.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ẹṣin ti lọ, kò sì sẹ́ni tó ń wé ìwé ìròyìn fún mi. Èmi náà ń rí ojú àbúrò mi ní Ìsẹ́yìn lórí fóònù, mo sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọmọ kan ṣoṣo ní ẹ̀kọ́ méjì, tí ọ̀kan ba ọ̀rọ̀ jẹ́, tí èkejì sì tún un ṣe.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán fún Aliyah, mo gbé agolo náà jáde. Bébà ìta kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, èyí tí Mísítà Farrell fún mi kó tó kú. Aliyah gbé e sábẹ́ iná, ó ń wá pẹ́ńsù tó ti ń parẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí i, ó sì kà á fún mi: "Bá mi kí ọmọ tó kúnlẹ̀."

Ó dá a padà sínú agolo, ó lọ mú ìwé káńsù tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, ó sì ṣí i wò kó tó gbé e sórí pẹpẹ.