Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tó Wà Nínú Fáìlì Philip Afọlábí

Philip Afọlábí kú lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lórí àga tí wọ́n gbé fún un síta, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ kòkó wò ní Ìjerò. Ó tó wákàtí kan tó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń gbé fáìlì wọlé, wọ́n ń gbé fáìlì jáde. Kò sí ẹni tó kí i. Àgbẹ̀ kan tó wá láti Odò-Ọwá, tí kò mọ òfin ilé náà, ló ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá Philip." Ó kí i lẹ́ẹ̀kan, ó kí i lẹ́ẹ̀mejì, ló bá fọwọ́ kàn án léjìká. Igbe tí bàbá yẹn ké ni wọ́n gbọ́ nínú ọ́fíìsì.

Òfin wo? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí. Òfin náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí Philip, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a lóhùn bó bá kí wọn. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Pius Akínyẹmí, ló ṣe é. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ o. Irú wọn kì í kọ irú ẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn sọ fún wọn ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan pé, "Ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀, èmi àti onítọ̀hún ni." Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ní Èkìtì níbí, níbi tí a ti ń kí ẹni tó ń jẹun, tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró lásán! Láràárọ̀ ni Philip ń wọlé tí á ní, "Ẹ káàárọ̀ o," ilé á pa lọ́lọ́.

Kí ló ṣe? Àwọn àlejò kan wá láti oríléeṣẹ́ wọn ní Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá. Akínyẹmí fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn wọ́n, ló bá gba ọ̀bẹ, ó la kòkó bíi mélòó kan, ó ní ojúlówó ni. Philip tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ó ti bu nínú." Wọ́n tún un wò. Lóòótọ́ ló ti bu. Àlejò kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, tí kì í ṣe Philip ló rín in, òun ni Philip fi oṣù mẹ́jọ jìyà rẹ̀.

Mo mọ Philip láti kékeré ní Ìpótì. Èmi ni mo dàgbà jù ú lọ, Bọ̀dá ló ń pè mí títí ó fi kú. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi yẹ kòkó wò. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, á mì ín létí, á ní, "Bàbá mi, ẹ lọ tún èyí sá, oòrùn ọjọ́ méjì péré ló kù ú." Àwọn àgbẹ̀ kì í bínú sí i. Mo ti rí i tó bọ́ bàtà, tó ń bá opó kan ní Ìjurìn kó kòkó kúrò lórí ẹní nígbà tí òjò fẹ́ rọ̀, tó ń súfèé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ìjọba kọ́ nìyẹn. Ta ló rán an?

Wọ́n kọ́kọ́ gba tábìlì rẹ̀. Wọ́n gbé àga rẹ̀ síta. Kúèrì wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé e lórí. Ó gba kúèrì nítorí pé ó pẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó gba kúèrì nítorí pé ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀gá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gba òmíràn pé ó fajú ro. Kúèrì mọ́kànlá! Gbogbo rẹ̀ ló fèsì sí, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó dùn ún wò. Olúfúnmiláyọ̀, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú pé, "Bọ̀dá, bó bá ti dé ulé, á kí mi. Bí mo bá dá a lóhùn tán, á tún kí mi. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni."

Ó kù síbi tó kàn mí. Bí ọ̀gá bá bínú sí ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, a kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. A máa ń kó àgbààgbà lẹ́yìn ni, a ó sì lọ bẹ ọ̀gá. Bàbá Ìjọ lọ, Ògúntóyìn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá Philip lọ, èmi náà lọ. Philip kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀bẹ̀ kí ni? Ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún mi." Èmi ni mo ní, "Ṣáà dọ̀bálẹ̀, kó lè tán." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, lójú àwọn akọ̀wé kéékèèké tó kọ́ níṣẹ́.

Akínyẹmí yọ̀ mọ́ wa. Ó ní kí wọ́n ra mínírà fún wa. Ó ní ó ti tán, kò sí nǹkan kan mọ́, kí Philip ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé kí òun rí nǹkan fi pa fáìlì náà dé. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ sínú ìwé ìròyìn, ẹ bá a kọ ọ́ kó dùn." Orí mi wú. Mo gba bírò. Mo kọ ọ́ pé Philip Afọlábí jẹ́wọ́ pé òun ṣàfojúdi, pé òun tàbùkù ọ̀gá òun, pé òun tọrọ àforíjì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lásán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí ẹ̀rí. Philip fọwọ́ sí i. Kò wojú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti Àkúrẹ́. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń yẹ kòkó wò. Kó máa jókòó. Ó wá bá mi nílé, ó ní, "Bọ̀dá, mi ò bínú sí yín. Ẹ ṣáà bá mi gba ìwé yẹn padà. Mi ò fẹ́ kí Olúkáyọ̀dé ọmọ mi kà á lọ́jọ́ kan." Mo ní kó fara balẹ̀, ojú ọ̀gá á wálẹ̀. Ó fara balẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó síta yẹn títí ó fi kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Gbogbo wọn wá síbi ìsìnkú. Ẹnu tí kò lè sọ "káàárọ̀" fún oṣù mẹ́jọ ń sọ "ẹ kú ará fẹ́ra kù" kiri. Akínyẹmí dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe Philip ní ọmọlúàbí òṣìṣẹ́. Àwa ìjọ ṣe àmín. Kí ni ká ti pe àmín yẹn? Ẹ̀rù? Àṣejù ọ̀wọ̀? Àbí ó kàn ti mọ́ wa lára?

Ẹ̀yin aláṣẹ ní Àkúrẹ́, ẹ mú fáìlì yẹn jáde. Ẹ pe Akínyẹmí kó wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nínú kúèrì mọ́kànlá lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló ní kí wọ́n má kí i. Kí ẹ sì yọ ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn, nítorí irọ́ ló wà nínú ẹ̀ látòkè délẹ̀. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìpótì ni mò ń gbé, gbogbo ìlú ló mọ ilé mi. Ẹ pè mí kí n wá búra. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ má kó àgbààgbà lẹ́yìn wá bẹ̀ mí.