Bọ́ọ̀lù Inú Máòsì

Ẹ̀yin àbúrò mi, lánàá ni mo ń wá nọ́ọ̀tì fóònù nínú agolo kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Atíkorí, ni nǹkan kan bá yí gbiri nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìró náà. Mo dé agolo kíá, mo wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Nígbà tiwa, kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré ló wà nílé ẹ̀kọ́ wa. A máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ká tó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. Iná kì í sábà sí, nítorí náà orí páálí tí tíṣà ya bọ́tìnnì sí la ti ń kọ́ títẹ̀. Bọ́sẹ̀, ọmọ Efire, ìlú àwọn apẹja létí omi, tí a jọ ń jókòó, ló yára jù. Ìka rẹ̀ á máa sáré bí ẹni ń tú àwọ̀n. Òun ló fi hàn mí pé bọ́ọ̀lù kékeré kan wà lábẹ́ máòsì tí à ń fà kiri lórí tábìlì, pé bí ó bá ṣe ń yí ni ọfà ojú kọ̀ǹpútà ń rìn.

Mo kàn fẹ́ wò ó dáadáa ni. Mo yọ bọ́ọ̀lù náà, mo fi í sápò, mo ní màá dá a padà lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ti tètè rí i pé bọ́ọ̀lù ò sí lábẹ́ máòsì mọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí máòsì nínú yín?"

Gbogbo ojú yí sí Bọ́sẹ̀. Wọ́n tú àpò rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an tún mú ìfura le sí i.

"Ó ti dé Efire," ẹnì kan sọ lẹ́yìn. "Wọ́n á ti so ó mọ́ àwọ̀n ẹja."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi wà lápò.

Bọ́sẹ̀ ò sunkún. Èmi nìkan ló yíjú sí. "Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Wọn ò jẹ́ kó wọ yàrá kọ̀ǹpútà mọ́. Títí táàmù fi parí, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, tó ń ṣọ́ bàtà wa. Nígbà tá a wọlé padà, àyè rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti wá mú un lọ sílé.

Ẹ̀yin ò mọ bọ́ọ̀lù tó yí nínú agolo mi yẹn. Ìka lẹ fi ń fa nǹkan lójú fóònù, kò sì sẹ́ni tó ń bọ́ bàtà fún kọ̀ǹpútà mọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò jù la ṣì kọ́kọ́ ń wò.

Èmi ò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí nǹkan bá sọnù ní ṣọ́ọ̀bù mi, àpò ara mi ni mo kọ́kọ́ ń tú.